Kíkọ́ Sórí Yàtọ̀ sí Mímọ̀: Èdè Rust àti Ẹ̀kọ́ Operating System

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, pàápàá apá kan nínú rẹ̀ tí mo gbà pé a kì í kọ́ bó ṣe yẹ. Apá náà ni operating system, ètò ńlá tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà àti fóònù. N ó máa pè é ní ètò-adarí nínú àròkọ yìí.

Bí ẹ bá dá akẹ́kọ̀ọ́ SS 3 kan dúró ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́, tí ẹ bi í pé kí ni ètò-adarí, yóò dá yín lóhùn kíá. Yóò ní òun ni ètò tó wà láàárín ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà àti ohun èlò inú kọ̀ǹpútà náà. Yóò ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ó ń pín mẹ́mórì, ó ń tọ́jú fáìlì, ó ń pín àkókò ẹ̀rọ fún iṣẹ́ gbogbo, ó ń gba ohun tí a bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Yóò dárúkọ Windows, Linux àti Android. Máàkì rẹ̀ yóò pé. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè kan sí i: báwo ló ṣe ń pín mẹ́mórì ọ̀hún? Ibẹ̀ ni ẹnu yóò ti wọhò. Kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ya ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó fi hàn án rí ni. Ó kọ́ ọ sórí bí ẹni tó ń ki oríkì ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nìyí. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò tó. Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ètò-adarí kékeré fúnra rẹ̀, tí yóò sì rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Rust ti jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣeé tọ̀ fún ọmọdé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ n kò ní yin Rust ní àyìnjù. Mo ti lò ó, mo sì ti rí ibi tó kù sí.

Kíkọ́ ètò-adarí nípa ṣíṣe é kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1987, Andrew Tanenbaum, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amsterdam, ṣe MINIX, ètò-adarí kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà tán. Ọ̀kan nínú àwọn tó lò ó ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Ní 1991, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 21, ó bẹ̀rẹ̀ Linux. Linux yẹn ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tó wà lápò wa lónìí. Ní 2006, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ṣe xv6 fún kíláàsì tiwọn, wọ́n sì wo Unix ayé àtijọ́ ṣe é. Ẹ wo bó ṣe lọ: ọmọ ilé ìwé kan rí inú ètò tí olùkọ́ kọ, ó sì lọ kọ tirẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ sórí kọ́ ló bí Linux.

Èdè C ni wọ́n fi kọ MINIX, Linux àti xv6. Dennis Ritchie ló ṣe C ní Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ńlá ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Àmọ́ C máa ń gba ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́ jù. N ó fi oko ṣàlàyé, torí ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìgbómìnà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mẹ́mórì kọ̀ǹpútà jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n pín fún àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n sì gbin pèrègún sí ààlà. Bí àgbẹ̀ kan bá kọ ebè kọjá pèrègún wọ inú oko ẹlòmíràn, C kò ní sọ nǹkan kan. Bí òmíràn bá ti dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀, tí wọ́n ti fi fún àgbẹ̀ tuntun, tó sì tún lọ ń wa iṣu níbẹ̀ lóru, C kò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìjà bá dé ni gbogbo ayé yóò tó mọ̀.

Ìjà náà sì ti dé léraléra. Ní oṣù kọkànlá 1988, purogíráàmù kan tí wọ́n ń pè ní kòkòrò Morris wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú ihò tó gbà wọlé ni ètò kan tó gba ọ̀rọ̀ tó gùn ju ààyè tó wà fún un lọ. Ní 2014, àṣìṣe tí wọ́n sọ ní Heartbleed jẹ́ kí àjèjì lè ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní 2019, Microsoft sọ pé nínú 100 àṣìṣe ààbò tí àwọn ń tún ṣe lọ́dún, bíi 70 ló jẹ́ ti mẹ́mórì. Àwọn tó ń ṣe Chrome ní Google náà sọ irú iye bẹ́ẹ̀ ní 2020. Àwọn àgbà tó mọ C dé egungun ló ń ṣe àwọn àṣìṣe yìí o. Kí ni ọmọ SS 2 yóò wá ṣe?

Ibẹ̀ ni Rust ti wọlé. Graydon Hoare bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2015. Òfin rẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Gbogbo nǹkan ní ẹni kan ṣoṣo tó ni ín. Ẹni tó ni nǹkan lè yá ènìyàn. Ó lè jẹ́ kí ènìyàn mẹ́wàá máa wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i padà. Tàbí kó jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo tún un ṣe. Méjèèjì kò lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Bí àkókò nǹkan náà bá sì ti tán, kò sí ẹni tó lè di í mú mọ́. Ẹni tó ti yá ọkọ́ tàbí àdá rí mọ òfin yìí kó tó dé iwájú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó mú Rust yàtọ̀ ni pé compiler rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó yí i padà sí èdè ẹ̀rọ, ń ṣe bíi baálẹ̀. Yóò bá ọ rìn ká orí ilẹ̀ náà kí o tó gbé ọkọ́ sókè. Bí ó bá rí i pé ìwọ àti ẹlòmíràn fẹ́ dá ibì kan náà, kò ní jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá sì lè rí ṣáájú, bíi kí o béèrè nǹkan kẹfà nínú àkójọ tó ní márùn-ún, Rust yóò dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ dípò kó jẹ́ kí o wọ oko olóko.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti rí àǹfààní yìí. Ní 2018, yunifásítì Stanford ṣe kíláàsì kan níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi Rust kọ ètò-adarí fún Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní oṣù kejìlá 2022, Linux fúnra rẹ̀ gba Rust wọlé sínú ẹ̀dà 6.1. Nítorí náà kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ń polówó.

Èmi náà fi láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi. N kò fi iṣẹ́ mi ba ètò inú láptọ́ọ̀pù náà jẹ́, torí purogíráàmù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ QEMU, tó máa ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni pé n kò lè lo àkójọ irinṣẹ́ tí Rust máa ń fún gbogbo ènìyàn. Ìdí ni pé orí ètò-adarí ni àkójọ náà fi ara tì. Ètò-adarí gan-an ni mo sì ń kọ. Ẹni tó ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kò lè jókòó sí yàrá òkè. Mo tún ní láti kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí wàhálà bá dé, torí kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn mi tí yóò gbà á. Lọ́jọ́ yẹn ni ìtumọ̀ tí mo ti ń kọ sínú ìwé láti JSS 1 di ohun tó yé mi.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Nínú irú ẹ̀rọ tí QEMU ń sín jẹ, ojúlé kan wà nínú mẹ́mórì, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0xb8000. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ló ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, ní ìlà 25, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gba àmì 80. Compiler kò lè mọ̀ pé ojúlé yẹn ni ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà Rust ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú apá ibẹ̀: unsafe. Ó dà bí ẹni pé baálẹ̀ sọ pé, "Èmi kò mọ apá ilẹ̀ yìí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o búra fún un." Mo gbà pé èyí ló wúlò jù lọ fún olùkọ́ nínú gbogbo Rust. Nínú C, ewu lè wà níbikíbi nínú ẹgbẹ̀rún ìlà. Nínú Rust, olùkọ́ mọ ìlà tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Mo kọ "Ẹ kú iṣẹ́". Lẹ́tà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ló yọjú: k àti i. Igun dúdúdúdú 13 ló bo ìyókù. Ìdí rẹ̀ rèé. Rust mọ èdè wa: ó ń tọ́jú Ẹ sínú báìtì mẹ́ta, ú sínú méjì, ṣ sínú mẹ́ta, ẹ́ sínú márùn-ún. Ẹ ro ó pọ̀, 13 ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo tẹ̀ lé sọ pé kí báìtì èyíkéyìí tí kò bá sí lára lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì di igun kan. Àwọn àmì 256 tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà IBM ní 1981 ní à, wọ́n ní é, wọ́n ní ò, torí àwọn ará Yúróòpù nílò wọn. Wọn kò ní ẹ, wọn kò ní ọ, wọn kò ní ṣ. Nígbà tí wọ́n ń pín àyè, kò sí ẹni tó bá wa di tiwa mú. Èyí gan-an ni mo fi ń sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn tó fẹ́ di ẹnjiníà nìkan. Ẹni tó kọ ètò-adarí ló ń pinnu èdè tí kọ̀ǹpútà lè fi kí ènìyàn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdì kejì. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ Rust bí ẹni pé ońdè ni, tí ènìyàn bá ti so ó mọ́rùn, ibi kò ní dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rust kò mọ ìrònú tó wọ́. Bí o bá pín àkókò ẹ̀rọ láìdọ́gba, tí iṣẹ́ kan ń jẹ gbogbo rẹ̀, Rust kò ní bá ọ wí. Bí iṣẹ́ méjì bá ń dúró de ara wọn títí ayé, bí èrò méjì tí ẹnì kìíní ń wí fún ẹnì kejì pé "ìwọ kọ́kọ́ kọjá", Rust kò ní là wọ́n.

Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù keje 2024. Ètò ààbò ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn Windows gan-an, gba ìsọfúnni tuntun kan. Ohun 21 ló ń retí, 20 ni wọ́n fún un. Ó nawọ́ sí ìkọkànlélógún, ó wọ oko olóko, bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà sì dákú káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbéra. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ Rust ni, kò ní ṣẹlẹ̀. N kò gbà pátápátá. Lóòótọ́, Rust kò ní jẹ́ kó ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, bí ohun tó wà nínú ọkàn kọ̀ǹpútà bá sì dúró láìsí ètò fún un, kọ̀ǹpútà náà yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ààbò mẹ́mórì dára. Kò rọ́pò kí ènìyàn ka 20 àti 21 kó tó rán iṣẹ́ jáde.

Àríwísí kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn C, ó sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì rí ewu kò lè mọyì ààbò. Tótó, ó ṣe bí òwe: ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo fara mọ́ wọn dé ibì kan. Ó yẹ kí olùkọ́ fi C kékeré kan, ìlà mẹ́wàá péré, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí ó ṣe ń kọjá pèrègún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọ irú rẹ̀ ní Rust, kí wọ́n rí bí compiler ṣe kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a wá ní kí ọmọ fi C kọ ètò-adarí látòkè délẹ̀ kó lè mọ ewu, ìyẹn dà bíi kí a ju ọmọ sínú odò kó lè mọ̀ pé omi ń gbé ènìyàn.

Àríwísí kẹta ni tèmi. Àlàyé tí compiler Rust máa ń ṣe dára, ó ń tọ́ka sí ìlà tó ní wàhálà, nígbà mìíràn ó tún ń dábàá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó le sì ni. Èdè náà fúnra rẹ̀ kì í tètè wọ ènìyàn lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò kí ọ̀rọ̀ yíyá àti níní tó yé mi. Ẹni tó bá sọ pé Rust rọrùn ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé Rust le láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ṣùgbọ́n C máa ń le ní ìparí, nígbà tí iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Àwọn òbí lè béèrè pé: iná ńkọ́? Dátà ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Irinṣẹ́ Rust kì í ṣe ohun kékeré láti gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iná wa sì ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó gbà á. Lẹ́yìn náà, a lè ṣe iṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kódà, bí a bá tẹ rustup doc, gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ Rust yóò ṣí láti inú kọ̀ǹpútà náà, láìjẹ dátà kankan. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan lè sìn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún: ẹnì kan ń tẹ̀, ẹni mẹ́rin ń bá compiler jà sórí ìwé. Ohun tó wọ́n ju iná lọ ni olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ bá lè yọ̀ǹda ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àwa ọmọ àgbà kíláàsì, ọ̀rọ̀ olùkọ́ yóò fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá ti dé ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èsìẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945, ẹ ti rí àwọn ère òkúta náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, àwọn mìíràn jókòó, àwọn mìíràn mú ohun èlò lọ́wọ́. Wọ́n lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ dájú ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwa ni a ń tọ́jú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣe wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo máa ń ronú pé bí a ṣe ń lo fóònù nìyẹn: a ń nù ún, a ń gba iná sí i, a mọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Àwọn tó gbẹ́ ère Èsìẹ́ kò fi àlàyé sílẹ̀ fún wa. Àwọn tó kọ Linux fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, ìlà kan kò pamọ́. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a kò lè sọ pé wọ́n gbé e pamọ́ fún wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ má ṣe yọ ìtumọ̀ àti iṣẹ́ ètò-adarí kúrò nínú ìwé wa. Ìdánwò ń bọ̀, a ṣì nílò wọn. Ẹ kàn fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú táàmù kan láti kọ èyí tó kéré jù lọ, tí yóò tan, tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì gba ohun tí a bá tẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ nílò iná. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé gíráàfù rẹ̀, kó fa àpótí tó fẹ̀ ní igun 8, tó ga ní igun 16, kó sì kun àwọn igun tí yóò di ẹ, ọ àti ṣ. Àwòrán yẹn ni a ó sọ di nọ́ńbà, tí a ó sì fi Rust kó sínú ètò-adarí kíláàsì wa, kí ó lè kí gbogbo ẹni tó bá tàn án pé "Ẹ kú iṣẹ́", kí lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yọjú.